Ẹni Tó Wẹ Òkú Àwọn Bàbá Yín

Ẹ gbé fóònù yẹn sẹ́yìn díẹ̀, ohùn mi ò kéré. Ẹ ní kí n sọ bí Peckham ṣe rí nígbà tí àwa dé, ẹ fẹ́ fi ṣe àjọ̀dún mọ́ṣáláṣí. Ẹ ti to àga, ẹ ti pín bisikíìtì, ẹ ń retí kí bàbá arúgbó sọ ìtàn tó dùn kí ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì máa lọ sílé. Ìtàn ń bẹ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ẹni tí inú ń bí kì í sọ̀rọ̀ létòlétò. Bí mo bá bọ́ síbí bọ́ sọ́hùn-ún, ẹ fara dà á.

Ìrọ̀lẹ́ àná ni kọ́mítì yín jókòó nínú yàrá yìí. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ wẹ Bùráímọ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn tí a ti ń wẹ òkú, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ kírun sí i lára níbí. Bùráímọ̀ tí mo ń wí yìí náà ni ẹ̀yin ń pè ní Bàbá Àdínnì. Ọjọ́ Ẹtì ló kú. Ó wà ní mọ́ṣúárì ọsibítù báyìí, ó ń dúró de ẹni tí yóò bu omi sí i lára. Kò bímọ. Ìyàwó tó fẹ́ níbí ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Àwa ni ará, àwa ni ẹbí. Kọ́mítì ní kí àwọn tó ń fi òkú sínsin ṣiṣẹ́ ṣe wá gbé e, kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn, kí wọ́n gbé e gba ibòmíràn lọ sí ibojì, nítorí pé ẹ gbọ́ pé ó ṣẹ̀wọ̀n rí nílé. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé òun ló wẹ àwọn bàbá tó bí yín.

Ó dáa. Ẹ ní kí n sọ ti Peckham.

Lónìí, bí ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Peckham Rye, ẹ ti débi oúnjẹ nìyẹn. Iṣu wà nílẹ̀, ata rodo wà nínú abọ́, ìgbín ń rìn nínú báàfù, àwọn onírun ń pe yín kí ẹ wá ṣe irun. Nígbà tiwa, ará Gánà kan ṣoṣo ló ń ta iṣu. Bí iṣu bá dé, a ó ti gbọ́ níbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn míì á sì ti fi húfà tí wọ́n fi ń gbálẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ́fíìsì olówó. Nínú yàrá tí mo kọ́kọ́ gbé, a pọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé ni yóò wọ ibi tí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò, bẹ́ẹ̀dì kì í tutù. Míta gáàsì ń jẹ owó ẹyọ. Yóò dún kó, iná yóò sì kú nígbà tí ẹ̀wà kò tíì rọ̀. A máa ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan nínú wa kò ní eyín tó dára mọ́ títí di òní, ẹ̀wà ìgbà yẹn ni mo ń bú.

Òfin kan wà nínú ilé wọ̀nyẹn. Ẹnikẹ́ni kò ṣe é, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. A kì í bi ènìyàn ní ohun tó gbé e kúrò nílé. Bí àlejò tuntun bá dé, a ó bi í bóyá ó ti jẹun, a ó bi í bóyá ó ní kóòtù, a ó fi ọ̀nà ibi iṣẹ́ hàn án. Ó tán. Ẹ rò pé gbogbo wa la wá kàwé? Ìyẹn ni wọ́n sọ fún yín nígbà tí wọ́n fẹ́ kí ẹ ṣe họ́múwọ́ọ̀kì. Ẹnìkan wà nínú wa tó sá fún ìyàwó méjì. Ẹnìkan jó ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, ó ní àtùpà ló ṣubú. Ẹnìkan, àwọn àbúrò rẹ̀ ló kó ẹrù rẹ̀ síta. Gbogbo aláńgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò wá, wọ́n rán wa wá ni, kí ilé lè sinmi lọ́wọ́ wa. Èmi náà ńkọ́? Ẹ fi èyí sílẹ̀. Mo ní a kì í béèrè.

Bùráímọ̀ ni wọ́n rán jù lọ nínú gbogbo wa. Ìlú kan lẹ́bàá Abẹ́òkúta ni ilé rẹ̀. Dírẹ́bà lọ́rì ni. Òun àti àwọn kan ta sìmẹ́ńtì ọ̀gá wọn, ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, ó ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tó jáde, bàbá rẹ̀ kó ẹbí jọ. Wọ́n ta ilẹ̀ kan, wọ́n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Bàbá yìí sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú, kò dì mọ́ ọn. Ó ní, "Bí o bá débẹ̀, jẹ́ ká gbọ́ pé o dé. Lẹ́yìn ìyẹn, jẹ́ ká sinmi." Ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò lé e fún ẹkùn. Ìlú òtútù ló lé e sí.

Ẹ má bi mí ní bí mo ṣe mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ọjọ́ tí èmi àti ẹ̀ ń lẹ táìsì mọ́ ògiri yàrá ẹ̀yìn yẹn. Ó ń po sìmẹ́ńtì, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, sìmẹ́ńtì yìí náà ló gbé mi dé London." Ó wá sọ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mo ní kó bá mi na táìsì kan. Láti ọjọ́ yẹn títí tó fi kú, ọ̀rọ̀ náà kò tún wáyé láàárín àwa méjèèjì.

Ẹ jẹ́ n padà sẹ́yìn. Ẹni àkọ́kọ́ tó kú nínú wa ni Lásísì. Ó ń nu líìfù ilé ìfowópamọ́ kan lọ́wọ́ nígbà tó ṣubú. A kò tíì mọ̀ pé àwa náà lè kú síbí. Ọkàn wa ni pé a ó ṣiṣẹ́, a ó padà sílé, ibẹ̀ la ó ti darúgbó. Òkú wá délẹ̀. Àáfà kan ló ń kírun síwájú wa nínú pálọ̀ mi nígbà yẹn, ẹni tí Kùránì yọ̀ mọ́ lẹ́nu. Nígbà tí a sọ pé ó yá, ẹ wẹ Lásísì, Àáfà ní ẹ̀yìn ń dun òun. A wo ara wa lójú. Àwọn tó máa ń wẹ òkú nílé, àgbà ni wọ́n, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bá wa wá. Bùráímọ̀ wà ní ìdí ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà, ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Ó ní, "Ẹ gbé omi kaná. Kó má gbóná jù."

Òyìnbó kan tó ń sìnkú ní òpópónà wa yá wa ní gáréèjì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí pákó tí a ó tẹ́ òkú sí. Bùráímọ̀ ní kí n tẹ̀lé òun. A délé, ó yọ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kúrò lára ògiri. A lọ síbi bọ́ọ̀sì, kọ̀ndọ́kítọ̀ ní kò sí ibi tí wọ́n ti ń gbé ilẹ̀kùn wọ bọ́ọ̀sì. Ni a bá rù ú. Bí a ṣe ń bọ̀ ní Rye Lane, èmi níwájú, òun lẹ́yìn, ọlọ́pàá kan dá wa dúró. Ó ní ta ló ni ilẹ̀kùn. Mo ní tiwa ni. Ó ní ilé tó ti kúrò ńkọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi gẹ̀ẹ́sì jákujàku ṣàlàyé pé òkú ni a fẹ́ tẹ́ lé e, ojú ọlọ́pàá yí padà. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i tí itan Bùráímọ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ilẹ̀kùn ló wúwo. Bí kì í bá ṣe òyìnbó onígáréèjì tó jáde wá jẹ́rìí, àtìmọ́lé ni à bá sùn, Lásísì á sì wà nílẹ̀.

Inú gáréèjì yẹn ni mo ti mọ irú ènìyàn tó jẹ́. Ó ta aṣọ bo Lásísì láti ìdodo dé orúnkún. Ó fi àkísà wé ọwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Gbogbo ìgbà ni ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ jòjòló. "Rọra, Lásísì. Mo fẹ́ yí ọ padà. Omi lásán ni. Ó ti tán." Àwa ọkùnrin tó gbá kẹ́tùrù omi àti kánfọ̀ tí a ń fi sí omi òkú mú ń sunkún, òun kò sunkún. Nígbà tó parí, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá rí lára òkú, kò rí i. Kì í sọ ọ́ fún ìyàwó, kì í sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́. Bí kò bá lè ṣe é, kó má tún padà wá." Ẹ̀sìn wa náà ló wí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tó kàwé mọ̀ ọ́n.

Nítorí ìyẹn ni a ṣe ṣe àṣìṣe. Lọ́dọ̀ tiwa nílé, ẹni tó bá mọ òkú wẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú ilé kéú ló ti jáde, ọmọ Àáfà ni, ọmọ ọmọ Àáfà ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, a ti ń pè é ní Àáfà Bùráímọ̀. Ó ní òun kì í ṣe Àáfà. A ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ti kọ́ ọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹlẹ́wọ̀n tó bá kú tí ẹbí rẹ̀ kò wá, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n bíi tiwọn ló máa ń wẹ̀ ẹ́, Bùráímọ̀ ló sì máa ń bá a pọn omi. Níbi tí ilé ti rò pé ó bàjẹ́ tán, ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ènìyàn láàárín wa.

Ó sì di ènìyàn. Wọ́n ń pè é láti Brixton, láti Woolwich, láti ibi tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ó ń fi tásìn gbé èrò nígbà yẹn, bí wọ́n bá pè é pé òkú wà nílẹ̀, yóò sọ èrò kalẹ̀, yóò bẹ̀ wọ́n, yóò yí mọ́tò padà. Nígbà tí a ra ilé ìkẹ́rùsí yìí láti fi ṣe mọ́ṣáláṣí, tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń lu ìlù ní Sọ́ńdè tí ògiri ń mì, yàrá ẹ̀yìn ni Bùráímọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣe, kò dúró de kápẹ́ẹ̀tì. Omi wa kò tíì ṣiṣẹ́. Pásítọ̀ wọn ló gba ojú fèrèsé na rọ́bà omi sí wa. Báyìí, ẹ̀yin àti àwọn ń kọ̀wé fi ẹjọ́ ara yín sun kánsù nítorí ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ọjọ́ Iléyá ni kí ẹ rí ilé Bùráímọ̀. Gbogbo ilé tó ti wẹ òkú fún ló ń fi ẹran ránṣẹ́ sí i, kìtṣíìnì rẹ̀ á kún, kò sì sí ọmọ tí yóò jẹ ẹ́. Ni yóò bá din gbogbo rẹ̀, yóò ṣílẹ̀kùn, àwọn ọmọ àdúgbò á tò dé àtẹ̀gùn. Ẹ̀yin náà tò síbẹ̀. Káràmátù, má wolẹ̀, èmi ni mo nu ọ̀rá ẹran kúrò lẹ́nu rẹ.

Nígbà tí a fẹ́ yan Bàbá Àdínnì, ọlọ́rọ̀ kan ti ra bàbá ńlá aṣọ sílẹ̀, torí nílé, ọlọ́rọ̀ ni wọ́n máa ń fi jẹ ẹ́. Ìmáámù wa àtijọ́, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ní, "Ta ló lọ́lá ju ẹni tí gbogbo wa máa bọ́ sí lọ́wọ́ lọ?" Wọ́n wé láwàní fún Bùráímọ̀. Mo wò ó, ó ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ẹnìkan máa wọlé wá sọ pé kì í ṣe òun. Ẹnìkankan kò wá. Àwọn ẹbí rẹ̀ nílé, tó ní kó jẹ́ kí àwọn sinmi, rí fọ́tò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Àlàájì lórí fóònù. Bàbá rẹ̀ ti kú nígbà náà, òun kọ́ ló wẹ̀ ẹ́. Ìyẹn nìkan ni mo gbọ́ rí pé ó dùn ún.

Nígbà ooru tó kọjá yìí, àlejò kan dé láti ilé síbi ìsọmọlórúkọ. Ó wo Bùráímọ̀ títí, ó ní, "Ṣé Bùráímọ̀ dírẹ́bà kọ́ nìyí, ọmọ ẹ̀wọ̀n?" Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí wọ́sáàpù mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀ ń fi àwòrán orí tó ń sunkún ránṣẹ́ síra yín, ẹ̀ ń fi ti ẹni tí ẹnu yà ránṣẹ́. Ẹ pè é. Ẹ bi í. Kò jiyàn. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni." Ẹ ní kó lọ sinmi ná. Ọ̀rọ̀ kan náà tí bàbá rẹ̀ sọ fún un ní pápákọ̀, ẹ̀yin náà ló tún sọ ọ́, ẹ kò sì mọ̀. Ó ń lọ kírun Jímọ̀ ní Brixton láti ìgbà náà. Mo bá a débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìdí ilẹ̀kùn ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà. Dókítà ní ọkàn ló pa á. Èmi náà gbà pé ọkàn ni.

Oore tí igún ṣe tó fi pá lórí, oore tí àkàlàmàgbò ṣe tó fi yọ gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn. Àná mo dìde nínú ìpàdé, mo ní kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí wa? Súlè, ìwọ akọ̀wé, ìwọ lo dá mi lóhùn. O ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, it's not personal. Reputation mọ́ṣáláṣí ni. Àwọn èèyàn á máa sọ̀rọ̀." O sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, o tiẹ̀ ṣí fìlà. Àgbà tó bá bínú kọjá ọ̀rọ̀, ilé ló máa ń lọ. Mo lọ sílé.

Lónìí mo ti rí ọ̀rọ̀ sọ. Jókòó, Súlè. Má tíì dìde.

O kéré nígbà tí bàbá rẹ kú. Wọ́n mú ọ lọ sílé aládùúgbò, wọ́n fún ọ ní ike ìṣeré. Àwa méjì la wẹ̀ ẹ́. Bùráímọ̀ ló wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo di kẹ́tùrù mú. Nígbà tí a ká aṣọ kúrò, àwa méjèèjì dúró. Bùráímọ̀ wò mí, mo wò ó. Ó ní kí n máa da omi. Ìyá rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nígbà tí a jáde, ó di Bùráímọ̀ ní aṣọ mú, ó ní ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí? Bùráímọ̀ ní, "Ọkùnrin rere." Ìyá rẹ sì lọ sílé, ó tọ́ ọ, ó rán ọ lọ sí yunifásítì, gbogbo Peckham ń pè ọ́ ní ọmọ ọkùnrin rere títí tí wọ́n fi gbé ọ sórí àga akọ̀wé.

Láti àná ni nǹkan tí mo rí yẹn ti wà lẹ́nu mi. Mi ò purọ́ fún yín. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo sùn tì í, mo jí tì í. Mo ní n ó dúró síwájú fóònù yín, n ó sọ ọ́ ní gbangba, kí Súlè náà mọ bí ó ṣe rí kí wọ́n ṣí aṣọ lára ẹni tí kò lè bo ara rẹ̀. Kí òun náà lọ jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn. Inú tó bí mi tó bẹ́ẹ̀, ó ṣì ń bí mi báyìí.

Ẹ wò ó, ó ti dìde. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Sọ̀rọ̀ sókè, Súlè, gbogbo wa ń gbọ́.

O ní kí ni mo rí lára bàbá rẹ.

Ọwọ́ mi nìyí, ẹ wò ó, kò lágbára mọ́. Orúnkún mi kò ṣe é kúnlẹ̀ mọ́. Ẹnìkan kò lè dá òkú yí padà, ẹni tí à bá jọ yí i ló di òkú yìí. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, àwọn ọsibítù yóò gbé e sílẹ̀ fún ẹni tó bá wá. Ìwọ akọ̀wé, kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn wà lápò rẹ.

Mo rí ọkùnrin rere lára bàbá rẹ, Súlè. Gbé kọ́kọ́rọ́ wá.